Fibonacci heap yára nínú ìwé, kí ló dé tó ń falẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà?

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Node ni mo ń pè ní kókó, edge ni mo ń pè ní okùn, ká lè jọ gbọ́ ara wa. Gíráàfù tó wà nílẹ̀ ni ti ọ̀nà ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n lò fún ìdíje kẹsàn-án ti DIMACS (ibùdó ìwádìí ìṣirò àti kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà) ní 2006: kókó 23,947,347, okùn 58,333,344. Iṣẹ́ náà ni ká mọ bí ọ̀nà tó kúrú jù láti kókó kan dé gbogbo ìyókù ṣe gùn tó.

Ìlànà Dijkstra ni à ń lò: ó ń yọ kókó tó sún mọ́ jù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń yẹ okùn rẹ̀ wò. Heap ni àkójọ tó ń bá a wá èyí tó kéré jù kíákíá. n ni iye kókó, m ni iye okùn, log n ni iye ìgbà tí a lè pín n sí méjì kó tó di 1, O sì ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i bí n àti m bá ń pọ̀, láìka nọ́ńbà tí kì í yí padà. Àwọn ìwé sọ pé tí a bá fi binary heap ṣe ìlànà Dijkstra, O((m + n) log n) ni. Tí a bá fi Fibonacci heap ṣe é, O(m + n log n) ni. Èkejì ló kéré. Àmọ́ tí a bá gbé méjèèjì sáré, binary heap ló ń kọ́kọ́ parí, ó sì ń fi èkejì sílẹ̀ jìnnà. Ṣé kóòdù ló burú ni, àbí ìwé ló ń tan wá?

Ìkejì: wọ́n ní àwọn kan ti rí ìlànà tó yára ju ti Dijkstra lọ ní 2025. Ṣé ká kó Dijkstra dànù ni?

* * *

Èsì 1

Kóòdù yín lè má ní àléébù kankan. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé O máa ń bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀, pé èyí tí Fibonacci heap bò mọ́lẹ̀ ló tóbi jù. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tíì kan ibi tó ń dunni. Ẹ jẹ́ ká kà á.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni heap ń ṣe fún Dijkstra: fífi kókó sínú rẹ̀, yíyọ èyí tí iye rẹ̀ kéré jù, àti dídín iye kókó tó ti wà nínú rẹ̀ kù. Níbi yíyọ, log n ni àwọn méjèèjì. Dídín-kù ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe Fibonacci heap: binary heap ń gba log n, òun ń gba O(1), ìyẹn iye tí kì í pọ̀ sí i bí n bá ń pọ̀, tí a bá pín in ká gbogbo iṣẹ́. Nítorí náà, ohun tó yẹ ká bi gíráàfù yìí ni pé: ìgbà mélòó la máa dín iye kù?

Nínú fáìlì yẹn, okùn kọ̀ọ̀kan wà ní àlọ, ó sì wà ní àbọ̀. Okùn 58,333,344 yẹn, àlọ àti àbọ̀ 29,166,672 ni. Nínú àlọ àti àbọ̀ kan, ẹyọ kan ṣoṣo ló lè wúlò, ìyẹn èyí tó jáde lára kókó tí a kọ́kọ́ yọ kúrò nínú heap. Èkejì ń tọ́ka sí kókó tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí, kò lè yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Okùn tó lè wúlò kò wá lè ju 29,166,672 lọ. Nínú wọn, a ó lo 23,947,346 láti fi rí kókó kọ̀ọ̀kan fún ìgbà àkọ́kọ́, fífi-sínú nìyẹn, kì í ṣe dídín-kù. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku 5,219,326.

Òpin tí dídín-kù lè dé nìyẹn, ibi yòówù ká ti bẹ̀rẹ̀. Yíyọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 24. Dídín-kù kò lè ju mílíọ̀nù 5 àti díẹ̀. Fibonacci heap wá ń dín iye ohun tí a kì í sábàá rà, ó sì ń bu owó lé ohun tí a ń rà ní gbogbo ìgbà.

* * *

Èsì 2

Mo fara mọ́ ìṣirò yẹn pátápátá, àmọ́ ẹ fo èyí tó wúwo jù: mẹ́mórì.

Bí igi ìdílé ni heap rí, gbòǹgbò ni èyí tí kò ní òbí. Kókó kan nínú Fibonacci heap ní pointer (àdírẹ́sì tó ń tọ́ka sí ibòmíràn nínú mẹ́mórì) mẹ́rin: ọ̀kan sí òbí, ọ̀kan sí ọmọ, ọ̀kan sí ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan sí àbúrò. Báìtì 8 lọ́nà mẹ́rin, 32 nìyẹn. Ẹ fi iye rẹ̀ kún un, báìtì 8. Nọ́ńbà kókó, 4. Iye ọmọ àti àmì, 4. Ó di 48. Nínú binary heap, iye àti nọ́ńbà kókó nìkan la nílò. 12 ni, a sì lè fi àlàfo sọ ọ́ di 16.

Síbẹ̀ ìwọ̀n báìtì nìkan kọ́ ni ìṣòro. Inú àtẹ kan ṣoṣo ni binary heap wà, àwọn ọmọ òbí kan sì tò tẹ̀lé ara wọn. Ti Fibonacci fọ́n káàkiri mẹ́mórì. Lẹ́yìn yíyọ kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ tọ gbogbo gbòǹgbò lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè so àwọn tí iye ọmọ wọn bára dọ́gba pọ̀, gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan sì lè má sí nínú cache (mẹ́mórì kékeré tó yára, tó wà lára ẹ̀rọ ìṣirò). Ohun tó wà nínú cache tó sún mọ́ wa jù ń gba nǹkan bíi nanosẹ́kọ́ńdì 1. Èyí tó wà nínú mẹ́mórì lásán lè gbà tó 100. Bí a bá ń fo láti pointer sí pointer, ẹ̀rọ kò lè mọ ibi tó kàn kó tó débẹ̀, ìdúró lásán ló máa ń jẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ heap tó yára gan-an, ẹ lo ẹlẹ́mẹ́rin, níbi tí òbí kọ̀ọ̀kan ti ní ọmọ mẹ́rin. Ọmọ i wà ní 4i+1 títí dé 4i+4. Ká ní nǹkan 65,536 wà nínú rẹ̀: ipele bíi 16 ni ti binary, bíi 8 ni ti ẹlẹ́mẹ́rin. Ìfiwéra kò dín kù (2 lọ́nà 16, tàbí 4 lọ́nà 8, 32 náà ni), àmọ́ iye ìgbà tí a ń lọ sí mẹ́mórì di ìdajì.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé níbẹ̀. Ìlà cache, ìyẹn ìwọ̀n tí ẹ̀rọ ń kó láti mẹ́mórì lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ báìtì 64 lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, nǹkan mẹ́rin tó jẹ́ báìtì 16 sì kún un gẹ́lẹ́. Tí gbòǹgbò bá wà ní ipò 0, àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ipò 1, wọ́n sì máa da ẹsẹ̀ bo ìlà méjì. Ẹ gbé gbòǹgbò sí ipò 3. Àwọn ọmọ rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ ní ipò 4, ti èyí tó tẹ̀ lé e ní 8, gbogbo wọn á máa bọ́ sínú ìlà kan ṣoṣo, bí ìbẹ̀rẹ̀ àtẹ náà bá ti wà lórí iye tí 64 lè pín.

* * *

Èsì 3

Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí dídín-kù bí ẹni pé dandan ni. Kì í ṣe dandan. Nígbà tí iye kókó kan bá dín, ẹ ju ẹ̀dà tuntun sínú heap, kí ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá yọ nǹkan jáde, ẹ fi iye tó gbé jáde wé d[v], ìyẹn bí ọ̀nà tó kúrú jù tí a ti rí dé kókó v ṣe gùn tó. Tó bá ju d[v] lọ, ẹ̀dà tó ti gbó ni, ẹ fò ó.

Heap lè wá gbà tó m dípò n. Nínú gíráàfù tí okùn kì í pé méjì láàárín kókó méjì kan náà, m kò ju n² lọ, log m kò sì lè ju ìlọ́po méjì log n. Lórí gíráàfù yín, ẹ̀dà tó gbó kò lè ju 5,219,326 tí ẹni àkọ́kọ́ kà yẹn. Ẹ sì ti bọ́ lọ́wọ́ àtẹ tí à ń fi tọ́jú ipò kókó kọ̀ọ̀kan nínú heap, èyí tí a gbọ́dọ̀ tún kọ ní gbogbo ìgbà tí nǹkan méjì bá pààrọ̀ àyè.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́:

Ẹni tó bá gbàgbé ìfiwéra yẹn á ṣì rí ìdáhùn tó tọ́, ìdí rèé tí àṣìṣe náà fi ń pẹ́ kó tó hàn. Àmọ́ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan á tún máa yẹ gbogbo okùn kókó náà wò. Lórí kókó tí okùn rẹ̀ tó 100,000, ẹ̀dà 50 ti di mílíọ̀nù 5 ìyẹ̀wò lásán.

Èyí tó burú jù ni heap tó ń wo d[v] láti fi tò nǹkan, dípò kí nǹkan kọ̀ọ̀kan gbé iye tirẹ̀ dání. Lọ́jọ́ tí d[v] bá yí padà, ètò heap ti dàrú láti inú wá, kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Ìdáhùn á máa tọ̀nà lórí gíráàfù kékeré, á wá ṣìnà lórí ńlá.

Àwọn tó ń lo C++, priority_queue máa ń yọ èyí tó tóbi jù jáde tí a kò bá sọ fún un. Àwọn tó ń lo Python, tí iye méjì bá dọ́gba nínú heapq, ohun tó kàn nínú tuple ni yóò fi wéra. Tí ìyẹn bá jẹ́ ohun tí a kò lè fi wéra, prógráàmù á dákú síbẹ̀.

* * *

Èsì 4

Ẹ má bínú, gíráàfù ọ̀nà ọkọ̀ nìkan lẹ fi ń dá ẹjọ́. Okùn kò pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ mú gíráàfù tó kún, kókó 5,000, okùn láti kókó kọ̀ọ̀kan sí gbogbo ìyókù: 24,995,000 nìyẹn. Dídín-kù lè wá pọ̀ gan-an níbẹ̀. Ṣé Fibonacci heap kò ní borí níbẹ̀?

* * *

Èsì 1, lẹ́ẹ̀kan sí i

Kò ní borí, nítorí pé níbẹ̀ a kò nílò heap kankan. Ẹ ní àtẹ d, ẹ ní àmì fún kókó tó ti parí. Ẹ rìn lórí àtẹ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ mú èyí tó kéré jù, ẹ yẹ okùn rẹ̀ wò, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. n² lápapọ̀, mílíọ̀nù 25 níbí, ìrìn tó sì tò gbọọrọ ni, èyí tí ẹ̀rọ fẹ́ràn jù. Bí Dijkstra alára ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1959 nìyẹn, láìsí heap. 1964 ni Williams ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé binary heap jáde.

Tí m bá ti tó n², O(m + n log n) náà ti di n². Fibonacci heap kò fi ohunkóhun ju àtẹ lásán lọ. Tí m kò bá ju ìlọ́po díẹ̀ n, bíi tàwọn ọ̀nà ọkọ̀, kò fi ohunkóhun ju binary heap lọ. Àárín méjèèjì ló kù fún un. Níbẹ̀ náà, ẹ lè lo heap tí òbí kọ̀ọ̀kan ní ọmọ bíi m/n: dídín-kù á rọrùn nítorí igi náà kúrú, yíyọ á wọ́n díẹ̀, àpapọ̀ á sì sún mọ́ m bí okùn bá ti ń pọ̀ sí i.

* * *

Èsì 5

Àmọ́ ká má sọ ọ́ bí ẹni pé Fredman àti Tarjan, tó ṣe Fibonacci heap, fi àkókò ṣòfò. Ní 1984 ni wọ́n gbé e wá síbi àpérò, ìwé kíkún jáde ní 1987, ohun tí wọ́n sì ń wá ni ẹ̀rí: pé ó ṣeé ṣe kí dídín-kù jẹ́ O(1). Ẹni tó ń kọ ẹ̀rí lórí ìlànà mìíràn lè gbé ìyẹn lò tààrà, láìbìkítà fún cache. Fredman àti Tarjan kan náà, pẹ̀lú Sedgewick àti Sleator, ló gbé pairing heap jáde ní 1986, nítorí wọ́n mọ̀ pé ti Fibonacci ṣòro láti kọ. Tó bá pọn dandan kí ẹ ní heap tó ń dín iye kù tó sì ń so ara rẹ̀ mọ́ òmíràn kíákíá, pairing heap ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Kóòdù rẹ̀ kò gùn, pointer rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti Fibonacci.

* * *

Èsì 6

Kò tíì sí ẹni tó dáhùn ìbéèrè ti 2025. Àwọn márùn-ún ni wọ́n: Duan, Mao, Mao, Shu àti Yin. O(m log^(2/3) n) ni wọ́n rí, fún gíráàfù tí okùn rẹ̀ ní apá ibi tó kọjú sí, tí ìwọ̀n okùn (bó ṣe gùn tó) kì í ṣe òdì, tí a kò sì fi ìwọ̀n náà ṣe ju ìròpọ̀ àti ìfiwéra lọ. Ìwé náà gba ẹ̀bùn ìwé tó dára jù ní STOC 2025, àpérò ńlá lórí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ohun tó ti dí ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ni pé Dijkstra máa ń yọ kókó jáde ní títò, láti èyí tó sún mọ́ jù dé èyí tó jìnnà jù, títo nǹkan n nípa ìfiwéra sì gbọ́dọ̀ gba n log n. Wọ́n rí i pé a lè mọ bí gbogbo wọn ṣe jìnnà tó láì tò wọ́n. Ìgbésẹ̀ bíi ti Bellman-Ford, ìlànà tó ń yẹ gbogbo okùn wò léraléra, ni wọ́n fi ń dín àwọn kókó tó wà lójú ààlà kù, kó tó di pé wọ́n pín iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ tó wú mi lórí ni.

Ẹ jẹ́ ká wá fi gíráàfù yín wọ̀n ọ́n. log₂ ti 23,947,347 jẹ́ nǹkan bíi 24.5. Tí a bá gbé e sí agbára 2/3, ó di nǹkan bíi 8.4. Èrè tó wà níbẹ̀ kò tó ìlọ́po 3, ká tó ka ohun tí O bò mọ́lẹ̀. Èrè náà ni gbòǹgbò kẹta log n. Kó tó lè di ìlọ́po 10, n gbọ́dọ̀ tó 2 ní agbára 1000. Kò sí mẹ́mórì tó lè gba gíráàfù bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi í wé iṣẹ́ 2024 tó gba ẹ̀bùn ní FOCS, àpérò mìíràn bíi STOC, ti Haeupler, Hladík, Rozhoň, Tarjan àti Tětek, bí ẹni pé wọ́n ń ta ko ara wọn. Àwọn yẹn fi hàn pé tí a bá fẹ́ kí kókó jáde ní títò, kò sí ìlànà tó lè borí Dijkstra pẹ̀lú heap tó yẹ, lórí gíráàfù yòówù kó jẹ́. Àwọn ti 2025 kò béèrè fún títò. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

* * *

Èsì 4, lẹ́ẹ̀kan sí i

Mo gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan tó fara pẹ́ ẹ: tí okùn kan bá ní ìwọ̀n òdì, ṣé ká kàn fi nọ́ńbà kan kún gbogbo okùn kí òdì lè tán, ká wá lo Dijkstra?

* * *

Èsì 3, lẹ́ẹ̀kan sí i

Rárá o. Ẹ wo kókó mẹ́ta. A sí C jẹ́ 3. A sí B jẹ́ 4. B sí C jẹ́ −2. Ọ̀nà tó kúrú jù láti A dé C gba B kọjá: 4 − 2 = 2. Ẹ wá fi 2 kún gbogbo wọn: A sí C di 5, A sí B di 6, B sí C di 0. Èyí tó gba B kọjá di 6, tààrà jẹ́ 5, a ti mú èyí tí kò tọ́. Ìdí ni pé ọ̀nà tó ní okùn méjì san 2 lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó ní ẹyọ kan san án lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tó tọ́ ni ti Johnson, 1977. Ẹ fi kókó àfikún kan kún un, kí okùn 0 lọ láti ara rẹ̀ sí gbogbo kókó, ẹ wá ṣe Bellman-Ford láti ibẹ̀. Ó fún wa ní h: A jẹ́ 0, B jẹ́ 0, C jẹ́ −2. Ìwọ̀n tuntun fún okùn u sí v ni ti àtijọ́ + h(u) − h(v). A sí C di 5, A sí B ṣì jẹ́ 4, B sí C di 0. Èyí tó gba B kọjá jẹ́ 4, tààrà jẹ́ 5. Èyí tó tọ́ ló borí. Ẹ fi h(C) kún un, ẹ yọ h(A), ó di 2.

Ọ̀nà jíju ẹ̀dà tuntun sínú heap tí mo kọ lókè lè tan yín jẹ níbí. Lórí kókó mẹ́ta yìí, á padà tún iye C ṣe, ìdáhùn á tọ̀nà. Àmọ́ lórí gíráàfù tí wọ́n bá tò dáadáa láti fi dán an wò, iye ìgbà tí yóò padà lè máa di ìlọ́po méjì bí kókó bá ti ń lé. Tí àyíká kan bá sì wà tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ òdì, kò ní parí láé.

Níbi Bellman-Ford, ẹ ṣọ́ àìlópin, ìyẹn iye tí a fi sí kókó tí a kò tíì dé. Tí ẹ bá fi 2,147,483,647 ṣe é nínú nọ́ńbà bíìtì 32, tí ẹ sì fi 1 kún un, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á yí padà di òdì ńlá, kókó tí a kò lè dé á wá dà bí èyí tó sún mọ́ jù. Ẹ wò ó bóyá d[u] jẹ́ àìlópin kí ẹ tó ròpọ̀, tàbí kí ẹ lo bíìtì 64.

* * *

Èsì 2, lẹ́ẹ̀kan sí i

Ká padà sórí ìbéèrè. Kí ẹ tó pààrọ̀ heap, ẹ wo bí ẹ ṣe kó gíráàfù pamọ́. Àtẹ méjì ti tó. Ti ìbẹ̀rẹ̀ ní àyè n+1, ó ń sọ ibi tí okùn kókó kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀: báìtì 95,789,392. Ti okùn ní ibi tó ń lọ àti ìwọ̀n rẹ̀, báìtì 4 àti 4: báìtì 466,666,752. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 562. Tí ẹ bá lo àkójọ onípointer fún okùn kọ̀ọ̀kan, ó lè ju ìlọ́po méjì èyí lọ, yóò sì fọ́n káàkiri.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún nọ́ńbà àwọn kókó ṣe, kí àwọn tó jẹ́ aládùúgbò ní nọ́ńbà tó sún mọ́ra. Ìrìn DFS kan (tó ń tọ ọ̀nà kan dé òpin kó tó padà) ti tó láti fi ṣe é. d[v] àwọn aládùúgbò á wá máa bá ara wọn nínú cache. Èrè ibẹ̀ sábà máa ń ju èrè pípààrọ̀ heap lọ.

Ìwọ̀n okùn yín jẹ́ nọ́ńbà odidi, ẹ lè lo radix heap, ti 1990, tó ń gba agbára láti inú òtítọ́ pé iye tí Dijkstra ń yọ jáde kì í padà sẹ́yìn. Tó bá sì jẹ́ láti ibì kan sí ibì kan péré lẹ ń wá, tí ìwọ̀n kì í sì í yí padà lemọ́lemọ́, ẹ wo contraction hierarchies tí wọ́n gbé jáde ní Karlsruhe, Jámánì, ní 2008. Ìmúrasílẹ̀ gba àkókò, àmọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ìbéèrè kan lórí gíráàfù odidi kọ́ńtínẹ́ǹtì kì í gbà tó mílísẹ́kọ́ńdì kan.

* * *

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku ẹyọ kan: tí heap méjì bá fún wa ní ìdáhùn tó yàtọ̀ síra, báwo la ṣe máa mọ èyí tó purọ́?

* * *

Èsì 1, lẹ́ẹ̀kan sí i

Ẹ má fi wọ́n wé ara wọn. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé gíráàfù. Ẹ rìn lórí gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún okùn u sí v tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ w, d[v] kò gbọdọ̀ ju d[u] + w lọ. Kókó kọ̀ọ̀kan tí a dé, yàtọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀, gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán okùn kan tó wọlé tí d[v] = d[u] + w gẹ́lẹ́. d ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0. Tí gbogbo ìwọ̀n bá ju 0 lọ, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró, ìdáhùn náà tọ́, ẹ̀rí ni, kì í ṣe ìméfò. Tí okùn 0 bá wà, ìkejì lè tan yín, nítorí àyíká okùn 0 lè máa jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Ẹ fi àtẹ òbí, tó ń sọ kókó tí a ti ara rẹ̀ dé kókó kọ̀ọ̀kan, tọ kókó kọ̀ọ̀kan padà dé ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ sì tẹ iye fífi-sínú, yíyọ àti dídín-kù jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò. Tí dídín-kù bá ju 5,219,326 lọ lórí gíráàfù yẹn, kóòdù ni kí ẹ lọ tún ṣe.